Géèmù Tí Bàbá Ò Parí

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀ ni Simbiátù tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nínú yàrá bàbá, ó sì ki kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù bọ̀ ọ́. Géèmù tí bàbá fi ọdún méje kọ ló wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tà á ti wọ́gi lé e kó tó jáde, bàbá ò sì parí rẹ̀ mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà han gooro títí, ọ̀nà kan wá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ọmọbìnrin kékeré kan ń rìn lọ sílé. Arúgbó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, ó kẹ̀yìn síta, torí bàbá ò tíì ya ojú fún un.

Ìyá rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ tí kì í kúnlẹ̀ kí àgbà yìí náà nìyẹn? Mo sọ fún bàbá ẹ títí, wọ́n ní àwọn máa fi kún un."

Ó nu ojú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Simbiátù rántí àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá kú. Inú ló ń bí i, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìkí wọn. Ó yọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní.

"Ẹ káalẹ́, bàbá mi."

Nígbà tó gbójú sókè, ọmọ inú géèmù náà ti kúnlẹ̀. Lẹ́yìn Simbiátù, àga bàbá dún kẹ́ẹ́. Arúgbó náà rọra yíjú padà. Ó ti ní ojú báyìí, omi sì lé ròrò níbẹ̀.