Àlejò Tí Wọ́n Ń Pè Ní Adúmáadán

Ohùn ọkùnrin kan ló jí ìyàwó kan. Ó ń pe "Adúmáadán! Adúmáadán o!" lẹ́yìn aṣọ àgọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń pe adìẹ wọlé.

Ìyàwó náà lajú. Bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé fẹ̀ tó ti gbogbo ìdílé kan, àwọ̀n ẹ̀fọn funfun sì bò ó. Ilẹ̀ pákó ń dán. Abọ́ bàbà kan wà fún ìfọjú, iná tó ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn wà lókè rẹ̀. Kò sí ike kankan níbẹ̀. Inú ìkòkò amọ̀ ni omi mímu gan-an wà. Ó rántí pé ọkọ òun ti ṣèlérí àgọ́ olówó ńlá kan lẹ́bàá ọgbà ẹranko, níbi tí wọn kì í ti í ba igbó jẹ́. Oorun ló ní láti gbé òun lọ lójú ọ̀nà, torí kò rántí ìgbà tí wọ́n wọlé.

"Ó ti jí o," ọkọ rẹ̀ dá ẹni tó wà níta lóhùn.

"Bàbá wọn, ta ni Adúmáadán?"

"Aṣọ ò ṣe é kàn bí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí àlejò bá kọ́kọ́ dé, á yan orúkọ tí wọ́n á máa fi jí i. Wọn ò ní gbé tíì kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá gbọ́ ohùn látinú ilé."

"Èmi ò yan orúkọ kankan."

Ọkọ gbé tíì wọlé. Ìyàwó náà dúdú lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tó wà lọ́mọge ni ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nídìí oúnjẹ, alásè, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lójú rẹ̀, gbé ẹyin síwájú rẹ̀.

"Mo ti yọ àlùbọ́sà kúrò, mà."

Ìyàwó náà ò sì tíì la ẹnu sọ pé òun kì í jẹ àlùbọ́sà. Kó tó béèrè, afinimọ̀nà àgọ́ náà ti sún mọ́ tábìlì.

"Dádì, ṣé ẹ̀bá odò la tún ń gbà lónìí?"

"Tún?" ni ìyàwó náà wí.

Afinimọ̀nà wo ọkọ. Ọkọ wo ẹyin.

"Ahọ́n mi ló yọ̀, mà."

"Ahọ́n tó bá yọ̀, ibi tó mọ̀ dáadáa ló ń ṣubú sí."

Wọ́n gba ẹ̀bá odò. Àwọn erin ń wẹ̀. Ọ̀kan fa omi sínú ọwọ́jà rẹ̀, ó tú u lé ọmọ rẹ̀ lórí, ìyàwó náà sì pàtẹ́wọ́, ó gbàgbé ìbínú. Ó yíjú kó fi han ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò wo erin rárá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó gbé ìkòkò kaná tó ń dúró kó hó.

"Kí lẹ ń wò?"

"Ṣé inú ẹ dùn?"

"Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ló ń béèrè irú ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì ní eruku kó sóun lójú.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkọ lọ wẹ̀ nídìí igi tí wọ́n so àpò omi kọ́ kí oòrùn lè mú omi náà gbóná. Ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó wá kóòmù, ló bá rí sálúbàtà obìnrin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó bá a mu wẹ́kú.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ó tún lọ wá ẹni tí ẹsẹ̀ wa dọ́gba!"

Ìborùn kan wà lórí àga. Ó gbé e símú. Òórùn ìpara tirẹ̀ gan-an ló ń ta.

"Ìpara mi náà ló rà fún un. Ọ̀lẹ ọkùnrin, kò tiẹ̀ lè ronú kan òmíràn!"

Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹkún ló jáde. Nígbà tí ọkọ wọlé, ó ju sálúbàtà náà síwájú rẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni, ìyá wọn. Jókòó."

"Mi ò jókòó! Gbogbo ọmọ tí mo bí fún yín, gbogbo aṣọ yín tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀. Tí obìnrin kan bá wà, ẹ wí i, kí n palẹ̀ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, màá pe bàbá mi, wọ́n á wá mú mi lọ."

Ọkọ rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omi ń kán láti orí rẹ̀, kò nu ún.

"Kò sí obìnrin kankan," ni ó wí, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó sú u.

Ìyàwó náà ti jáde. Ó bá alásè nídìí agbada, tó ń fi eérú fọ abọ́.

"Ọmọ mi, obìnrin bíi tèmi ni ẹ́, má bò mí. Tó o bá ní kò sí, màá padà lọ bẹ ọkọ mi. Tó bá sì wà, màá lọ lónìí. Ta ni obìnrin tó máa ń bá a wá síbí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú alásè. Ó wo ẹ̀yìn ìyàwó náà, níbi tí ọkọ dúró sí láìwọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ mirí sí alásè pé kó sọ ọ́.

"Ẹ̀yin ni, mọ́mì," ni alásè wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, "ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bá wọn wá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe dá yín lóhùn nígbà tí ẹ béèrè ohun kan náà lánàá àti níjẹta."