Àmín Kẹta

"Ó ń rí mi lára!" Mẹkáníìkì tutọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ Ọ́pẹ́lì tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè nínú àgbàlá kan n'Íṣẹ̀rí-Olófin. "Ẹ wá wò ó, màmá. Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yìí gbẹ̀yìn ò pààrọ̀ ẹ̀. Awọ ló kì bọ̀ ọ́, kó má bàa máa mì!"

Ràbíátù, ìyàwó ẹni tó lọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Abájọ! Lójú ọ̀nà Ìdímù níjọ́sí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ, ẹsẹ̀ ọkọ mi kán."

"Ọwọ́ ẹni tó ṣe é á rọ!"

"Àmín."

"Kò ní í rí jẹ nídìí iṣẹ́ ẹ̀ láé!"

"Àmín o!"

Àmín yẹn dùn mọ́ mẹkáníìkì nínú. Ó fa àpò awọ Ọ̀yọ́ tó ń kó sípánà sí, èyí tí igun kan ti gé kúrò lára ẹ̀, sún mọ́ra. Ó mú pínsì, ó fi yọ awọ náà jáde, ó sì nu gírísì ara ẹ̀. Awọ pupa ni, okùn dúdú ni wọ́n fi rán etí ẹ̀.

Ó wo abẹ́ mọ́dígáàdì, níbi tí ọ̀dà yẹ́lò tí wọ́n fi àfikún owó oṣù Údójì kùn ò dé. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ọkọ̀ kan tó ti ṣe rí ló wà níbẹ̀.

Ràbíátù gba awọ náà, ó gbé e lé igun àpò tó gé. Ó ṣe rẹ́gí.

Ọkọ rẹ̀ kérora nínú ilé. Mẹkáníìkì lanu, ṣùgbọ́n èpè kankan ò jáde.

"Àmín," ni Ràbíátù wí.