Abẹ́rẹ́ Ò Gbọdọ̀ Dé Pupa

Alhaji Àjàlá ti Ẹ̀pẹ́ kì í jókòó sílé de ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣe ló máa lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin n'Ìkòròdú, á wá ní kí ọkùnrin náà fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé òun padà sílé.

"Ẹni tó máa gbé ọmọ mi, á kọ́kọ́ gbé mi," ló máa ń wí.

Méjì ti gbé e ṣáájú. Ọ̀kan ní jíìpù tí inú rẹ̀ tutù bíi fíríìjì. Ọ̀kan ní káà tuntun tí wọn ò tíì ṣí ọ̀rá kúrò lára àga rẹ̀. Bí Bàbá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, ohun kan náà ló sọ fún Baseerah, ọmọ rẹ̀: "Èyí kọ́." Kò ṣàlàyé. Gbogbo ilé bá gbà pé eré sísá ni kò fẹ́. Lóòótọ́, Bàbá ti wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì rí, láàrin Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti bá a tà á, wọ́n ní ó tó kó sinmi. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí.

Zikrullah ló kàn. Ìfẹ́ Baseerah ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ó máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tọ́bò ló ní. Tọ́bò yìí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì; tó bá ti jí, ọkọ̀ á kàn ta síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ẹni tó ń wà á kì í tètè mọ̀ pé ó ti jí.

"Jọ̀ọ́, má sáré o," Baseerah bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. "Tó bá tún fi lè sọ pé 'Èyí kọ́', mo gbé!"

"Fọkàn balẹ̀. Bí ẹni gbé ẹyin ni màá ṣe gbé e."

Ó gba ọ̀dọ̀ Jẹ̀lílì rewáyà lọ ní Lasunwọn, ó ní kó bá òun de géèjì tó ń fi agbára tọ́bò hàn.

"Ọ̀gá," ni Jẹ̀lílì wí, "àwọn tó ń de nǹkan yìí, kí wọ́n lè sáré dáadáa ni. Ẹ̀yin wá fẹ́ kí n dè é kí ẹ má baà sáré?"

"Dè é jàre. Ìyàwó ni mò ń wá."

Jẹ̀lílì rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó fà á gba ihò tí wáyà ń gbà wọlé, ó sì gbé géèjì náà, tí kò ju ẹnu ife tíì lọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú.

"Tí abẹ́rẹ́ bá wà nísàlẹ̀ òdo, tọ́bò ń sùn. Tó bá kọjá òdo, ó ti jí. Tó bá wá dé pupa, ìyàwó ti lọ nìyẹn."

Ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú jàlàbíà funfun, ó ki ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ àga. Ojú rẹ̀ bọ́ sára géèjì.

"Kí lèyí?"

Zikrullah ṣàlàyé.

"Ibi pupa yẹn ńkọ́?"

"Kò lè débẹ̀ láéláé, Bàbá. Mo ṣèlérí fún yín."

"Yí i sọ́dọ̀ mi," ni Bàbá wí.

Zikrullah yí i kíá. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn: ẹ̀rí ti wà níwájú adájọ́.

Wọ́n gbéra. Abẹ́rẹ́ ò kọjá òdo. Bàbá ò wo títì, kò wo igbó, abẹ́rẹ́ ló tẹjú mọ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ máàtì mọ́lẹ̀. Bàbá ń bá mi tẹ bíréèkì, Zikrullah rò ó lọ́kàn, ó bá tún dẹ ẹsẹ̀ sí i. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan yà wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́kadà tó so àgbò mọ́ ẹ̀yìn náà kọjá. Bàbá yí ọrùn tẹ̀ lé e títí ó fi lọ, ó wá pòṣé.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá. Wọn ò ní sùúrù."

"Àgbò pàápàá," ni Bàbá wí.

Wọ́n kọjá Itoikin, wọ́n bá típà oníyanrìn kan tó ń wọ́ lọ, iyanrìn rẹ̀ ń dà sí wọn ní gíláàsì. Zikrullah wo iwájú, ọ̀nà dá, ó bọ́ síta láti yà á. Ẹ̀gbẹ́ típà gan-an ló wà nígbà tí bọ́ọ̀sì kan yọ ní kọ́nà, ó kọjú sí wọn. Ọkọ̀ mìíràn ti gba àyè rẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí ohun tó kù ju kó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Tọ́bò súfèé. Abẹ́rẹ́ fò kọjá òdo, ó lọ lẹ̀ mọ́ pupa. "Àlláhù Akbar!" ni Bàbá ké, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ máàtì kanlẹ̀, fìlà rẹ̀ fò sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n já sí iwájú típà, bọ́ọ̀sì náà sì kọjá.

"Bàbá, ẹ forí jì mí! Ẹ jọ̀ọ́!"

Bàbá fi etí jàlàbíà nu omi ojú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni Zikrullah wa ìyókù ọ̀nà, ó ń ro ohun tó máa sọ fún Baseerah.

Ní Ẹ̀pẹ́, Baseerah àti ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ láìdé fìlà, ó gba àárín wọn kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó wọlé lọ. Ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀.

"Zikrullah, o sáré!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, wallahi."

Baseerah bú sẹ́kún.

Ìgbà náà ni Bàbá tún yọ, ó ti gbé awò dúdú tó máa ń lò nígbà tó ń wa ọkọ̀ ojú omi sójú, ó sì na ìka sí Zikrullah: "Ìyá Baseerah, tètè bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, kó gbé wa padà sí Itoikin kí ìwọ náà rí pupa, torí èyí gan-an ni àna mi; àwọn méjì ọjọ́sí, bí ẹni gbé ẹyin ni wọ́n ṣe gbé mi!"