Bàtà Ẹnu Ọ̀nà Sítúdíò

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Adélabú wọ ilé rédíò tí wọ́n ti tì pa láti ọdún mẹ́fà. Wọn yóò wó o lọ́la. Téèpù kan ṣoṣo ló wá mú, èyí tí ohùn Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀ olóògbé, wà nínú rẹ̀. Wúràọlá ló ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọdé nígbà náà; Adélabú ń ka ìròyìn, Lámídì ń tọ́jú ẹ̀rọ. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn máa ń gba gbogbo ilé.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eruku bo ilẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Síbẹ̀, bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò, bí wọ́n ṣe máa ń bọ́ ọ síbẹ̀ kí ìró ẹsẹ̀ má baà wọnú máìkì. Sálúbàtà tí Lámídì fi wáyà rán ni ọ̀kan. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n sin ín. Bàtà pupa Wúràọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan wúkọ́ nínú yàrá.

“Àgbà akàròyìn, o tún pẹ́!” Ohùn Lámídì ni. “Àbí ẹ̀wà ló tún dá ẹ dúró?”

“Fi wọ́n sílẹ̀ jàre,” Wúràọlá ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Níyì, ẹ wọlé, a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀rín yẹn gan-an ló tìtorí rẹ̀ wá. Adélabú di ògiri mú. Ó ní kí òun yí padà, ni òtútù sìmẹ́ńtì bá mú un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀.

Bàtà tirẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wúràọlá.