Àga Tí Hirotsugu Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe já ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé.

1.
Ní abúlé kan lórí òkè ní Kochi, nílẹ̀ Japan, ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Tsuruyo. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń dá gbé, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ká ọsàn yuzu ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ṣètò eré ìmárale fáwọn àgbà ní gbọ̀ngàn abúlé. Wọn á so nǹkan wíwúwo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, wọn á jókòó sórí àga, wọn á máa gbé ẹsẹ̀ sókè, wọn á máa rọra dìde. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: kálukú ni kó gbé àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ibi tí wọ́n tò wọ́n sí.

2.
Hirotsugu ni ọmọ kan ṣoṣo tí Tsuruyo bí. Ó ti ṣe ọ̀gá níléeṣẹ́ kan ní Osaka. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sìn ín dé gbọ̀ngàn, ó rí i tó ń wọ́ àga bọ̀ níṣojú gbogbo abúlé. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó sáré já àga náà gbà.

"Gbé e sílẹ̀, olè," ni Masae wí, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ láti kékeré.

"Èmi? Kí ni mo jí, Màmá?"

"Ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Ẹni tó bá ń gbé àga fún wa níbí, ẹsẹ̀ wa ló ń jí."

Àwọn ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Hirotsugu kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn yóò máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rò títí wọ́n fi délé: ọ̀gá ti Osaka dé, ìyá rẹ̀ ṣì ń ru ẹrù.

3.
"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Láti òní lọ, ẹ jókòó."

"Kí n jókòó ṣe kí ni?"

"Kí ẹ sinmi."

"Hiro, bí mo bá jókòó, ara mi kì í lélẹ̀."

"Yóò mọ́ yín lára."

Ó ra àga ńlá kan tó rọ̀ bí òwú. Ó háyà ẹni tí yóò máa ká yuzu, kò sì jẹ́ kí ìyá lọ sí gbọ̀ngàn mọ́. Bí ìyá bá ní kóun dìde lọ gbé omi tíì kaná, ọmọ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyá a jókòó, ìka rẹ̀ a máa já aṣọ àga náà wẹ́wẹ́, bí ẹni tó ń wá èso, ojú rẹ̀ a sì máa lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Masae wá kí i. "Tsuruyo, ṣé o ti di ère òkúta etí ọ̀nà ni, tí a ó máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀?"

"Ère sàn jù mí lọ," ni Tsuruyo dáhùn. "Òun ń gba atẹ́gùn."

4.
Kí òtútù ọdún náà tó lọ, orúnkún rẹ̀ ti rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Hirotsugu lọ sí ìlú, Tsuruyo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ sí gbọ̀ngàn. Ọkàn rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Ó dìde. Ẹnu àtẹ̀gùn àbáwọlé ló ṣubú sí, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán.

Nílé ìwòsàn, Hirotsugu ń bẹ̀ ẹ́. "Màámi, ẹ gbìyànjú, ẹ dìde díẹ̀."

"Hiro, n kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́."

Lórí ìdùbúlẹ̀ yẹn ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti mú un lọ, nígbà tí yuzu ń tanná.

5.
Lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá sun òkú tán, àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni í fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú egungun rẹ̀ sínú ìkòkò, ẹni méjì á jọ mú ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí olóògbé lè wà ní ìdúró. Masae dojú kọ Hirotsugu. Wọ́n jọ mú egungun ojúgun. Ó fọ́ sí eérú. Wọ́n mú òmíràn, ó fọ́.

"Rọra," ni Masae wí. "Wá èyí tó ṣì le."

Hirotsugu wá a, wá a. Àwọn èèyàn ń dúró dè é.

"Kò sí, Màmá."

Ẹ̀yin ọmọ, ìkìlọ̀ rèé. Bí ìjọba bá pe àwọn òbí yín síbi eré ìmárale, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí ìyá yín bá ní òun fẹ́ gbálẹ̀, ẹ fún un ní ìgbálẹ̀. Ẹ dúró nítòsí, kí ẹ máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ojú ayé. Ìsinmi dùn, iyọ̀ náà sì dùn, àmọ́ a kì í fọlá jẹ iyọ̀.