Ewéko Tí Ewúrẹ́ Tu Dànù

Àlọ́ mi já pìtì, ó já sẹ́nu Ewúrẹ́. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá wo òun ìyàwó wọn nígbà ọyẹ́, ló bá ní òun yóò gbin ewéko aláràbarà sójúde.

Òkété tó ń ta ewéko ní, "Àǹtí, ẹ mú pèrègún pupa. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa á."

Ewúrẹ́ tọ́ ọ wò. Ó korò. "Túẹ̀!" Ó jù ú sẹ́bàá ọgbà ojúde rẹ̀, ó gbin àwọn tó dùn. Láràárọ̀ ló ń kí wọn:

"Ewéko mi, ẹ kú ojúmọ́ o,
*Jẹ́ kó dàgbà!*
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó bù jẹ,
*Jẹ́ kó dàgbà!*"

Nígbà tí àna dé, ojúde ti pá bí orí Igún. Pèrègún tó jù nù nìkan ló ta gbòǹgbò, ó pọ́n fòò.

"Ìyàwó wa mà mọ ewéko yàn o!"

Ewúrẹ́ kúnlẹ̀, kò lanu. Bó bá là á pẹ́nrẹ́n, wọ́n á rí ìyókù ọgbà nínú ẹ̀.

Àlọ́ mi náà panu dé.