Koríko Tó Kú Lábẹ́ Fèrèsé

Bégùm Shaista, ìyáàfin ilé náà, já rọ́bà omi gbà lọ́wọ́ olùtọ́jú ọgbà. "Omi koríko mi lo ń jí fún tòmátì ẹ, àbí? Wo abẹ́ fèrèsé ọkọ mi, òùngbẹ ti pa koríko ibẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bégùm. Tòmátì máa ń ta gbòǹgbò jinlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó o. Koríko tẹ́nikẹ́ni ò jẹ yìí ló ń mumi lójoojúmọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án, ilẹ̀ rin gbindin."

"Omi wo ló wá ń pa koríko nínú oòrùn Lahore yìí? Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ!"

Fèrèsé ṣí. Ọwọ́ kan yọ jáde, ó da àgbo gbígbóná tí Bégùm ṣẹ̀ṣẹ̀ sè fún àìsàn ọkọ rẹ̀ sórí koríko.

"Bégùm," ohùn kan ké láti inú yàrá, "mo ti mu ún tán o!"